Dókítà owó orí tó wà ní Kábà: máàkì 68 ni mo fún un

Ó ti tó èèyàn mẹ́rin tó bi mí láàárín oṣù yìí pé ta ló ń bá mi ṣe ètò owó orí mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan kí ọ̀fun mi sinmi. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dé Kábà tó béèrè “Dókítà owó orí”, ọlọ́kadà á gbé e débẹ̀ láìbèèrè ọ̀nà.

Kajú ni mo ń rà. Ìlú Ìyàrá ni mo ń gbé, ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, ṣùgbọ́n tí kajú bá ti ń já, láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, kò sí abà tí n kì í dé láti ọ̀dọ̀ wa títí wọ ilẹ̀ Bùnú. Tí àsìkò kajú bá kọjá, mo padà sí ìsọ̀ mi nídìí gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti epo. Mo kàwé Grade Two tán nígbà kan rí, mo sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí n tó sá fún ṣọ́ọ̀kì. Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé tí mo bá sọ pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ tíṣà tàbí pé kò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àbá ni mo ń dá.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé kan tí wọ́n mú wá bá mi ní ìsọ̀ ní oṣù keje ọdún 2024. Wọ́n ti wo gbogbo owó tó wọ inú àkáǹtì mi ní àsìkò kajú, wọ́n sì ti fojú díwọ̀n owó orí tó yẹ kí n san. Iye tí wọ́n kọ kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí dúró mọ́, orí àpò ẹ̀wà ni mo jókòó lé. Ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti tán láàárín wa.

Ìwà ọ̀mùgọ̀ tèmi ló tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan ní Lọ́kọ́jà sọ fún mi pé òun mọ àwọn tó wà níbẹ̀, kí n mú ₦400,000 wá, òun á bá mi “yanjú ẹ̀”. Mo san ìdajì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pè é, á ní òun wà nínú mítìn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kọjá báyẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún èèyàn láti kọ̀wé pé òun ò gbà pẹ̀lú iye tí wọ́n bu fún òun. Ọmọ àbúrò mi tó ń ka ìṣirò owó ní yunifásítì ló sọ fún mi pé ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ní kọ́ọ̀sì owó orí ní ọ́fíìsì ní Kábà. Mo kọ́kọ́ yẹ̀yẹ́ ẹ̀. Mo ní ṣé tíṣà ló fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ìjọba?

Orí òkè ni ọ́fíìsì náà wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ga débi pé orúnkún mi ń ráhùn títí di òní. Yàrá kan ni. Báńṣì kan wà níbẹ̀, tábìlì méjì, bọ́ọ̀dù funfun bíi ti kíláàsì, àti ìwé ẹ̀rí CITN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó orí ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi gíláàsì bò. Ọmọ àbúrò mi ti ní kí n wo ìyẹn dáadáa, nítorí ẹgbẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992 ni, ẹni tí wọn kò bá sì gbà wọlé kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́. Mo súnmọ́ ọn, mo ka orúkọ tó wà nínú rẹ̀ mọ́ orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bára mu. Ọkùnrin náà rí mi, kò bínú. Ó ní, “Òkun o, Màámá. Ẹ tún wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀.”

Mo gbé Ghana-must-go kan dání. Gbogbo rìsíìtì, ìwé báńkì, ìwé tí àwọn tó ń rà á ní Èkó fi ránṣẹ́, pépà tí mo fi ń ṣírò kìlò lóko, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn pẹ̀lú ìkarahun kajú díẹ̀. Mo rò pé ó máa gba àpò náà, á ní kí n máa lọ, kí n padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ó tú u sórí tábìlì. Ó fún mi ní nylon mẹ́ta àti ìwé ewé ogójì kan. Ó ní kí n ṣa èyí tó bá jẹ́ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sínú nylon kan, èyí tí mo fi ra kajú sínú èkejì, èyí tí mo ná lórí ọ̀nà sínú ẹ̀kẹta. Èmi! Ẹni tó wá san owó fún un! Mo ṣa á fún wákàtí méjì, ó ń mu omi, ó ń dáhùn fóònù àwọn ẹlòmíràn, tó bá rí i pé mo fi ọ̀kan sí ibi tí kò yẹ, á kàn na biro sí i láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ṣa á tán, ó dìde lọ sídìí bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé tíṣà gidi ni. Ó ní, “Màámá, ọkọ̀ kan tí ẹ bá kó, kìlò mélòó ni?” Mo ní 5,000. “Èló ni kìlò kan?” Mo ní ká fi sí ₦1,400. Ó kọ ₦7,000,000 gàdàgbà sórí bọ́ọ̀dù. Ó ní, “Owó ta ni?” Mo dákẹ́. Ó tún béèrè. Mo ní, “Owó ọ̀gá Èkó ni. Ó fi ránṣẹ́ kí n bá òun rà á ni.” Ó ní, “Kí ni tiyín níbẹ̀?” Mo ní ogójì náírà lórí kìlò kan. Ó kọ ₦200,000 sábẹ́ ẹ̀. Ó ní kí n ka ohun tí mo ná fún un. Mo ka owó àpò, owó àwọn tó ń sá kajú sóòrùn, owó àwọn tó ń gbẹ́rù, owó ọkọ̀ tó ń wọ abà. Ó jẹ́ ₦85,000. Ó yọ ọ́, ó ku ₦115,000. Ó wá fi gègé pupa yí ₦115,000 yẹn ká, ó sì fa ìlà gbọọrọ láti ibẹ̀ lọ sórí ₦7,000,000. Ó ní, “Àwọn tó kọ̀wé sí yín, èyí tó wà lókè yìí ni wọ́n rí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni owó yín. Iṣẹ́ wa ni ká jẹ́ kí wọ́n rí i.”

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ra kajú, ẹnikẹ́ni ò tíì pín in fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà pé mílíọ̀nù ni mo ń gbá mú. Owó ẹlòmíràn ni mo fi ń yangàn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù fún wa. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé wa dé ọ́fíìsì wọn, pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá Èkó pé òun ló ni owó náà, àti ewé ogójì yẹn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, Dókítà kò jẹ́ kí n dákẹ́. Ó ní èmi ni kí n ṣàlàyé ọkọ̀ kajú kan fún wọn bí mo ṣe ṣe é níwájú bọ́ọ̀dù. Mo ṣàlàyé. Iye tí mo san níkẹyìn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Iye náà gan-an, èmi àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí pé báwo ni ẹni kan ṣe lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Èmi náà bi í. Mo ní, o ò ṣe jókòó sí yunifásítì pátápátá, kí o máa gba owó oṣù rẹ? (Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹgbẹ́ àbúrò mi ni, ìwọ ni mo ń pè é.) Ó ní òfin ni kò gba òun láyè. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún karùn-ún rẹ̀, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe páàtì-táìmù kò gbọdọ̀ máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni mọ́ ọn, àfi iṣẹ́ oko nìkan. Òfin náà sì mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba. Nítorí náà páàtì-táìmù lòun gbà. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ, ó máa ń padà dé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì máa ń ṣí ọ́fíìsì láti ọjọ́rú títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní tó bá jẹ́ pé oko nìkan ni òfin gbà, kó lọ gbin kajú, èmi á máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ní sarè méjì. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni.

Owó páàtì-táìmù kò tó nǹkan, ó sì máa ń pẹ́. Ní 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, kò sí kíláàsì, kò sí kọ́bọ̀ fún un láti ibẹ̀. Ọ́fíìsì ló fi jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, kíláàsì ló ń wá oníbàárà fún ọ́fíìsì. Ọmọ tó bá jókòó níwájú rẹ̀ ní ìyá tó ń ta nǹkan, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ní ilé epo, bí èmi gan-an ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sì tún ní àǹfààní kan tí mo fojú ara mi rí. Nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní olùdámọ̀ràn ń dúró kí ẹnì kan wá là wọ́n lọ́yẹ̀. Òun ti ka gbogbo rẹ̀, torí àwọn ọmọ máa bi í. Ó fi nóòtì tó ti ń lò láti 2014 hàn mí, ó ní kí n gbé e fún ẹni tó ń ta àkàrà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òfin tuntun yìí, torí ibẹ̀ ni owó mi ti ṣiṣẹ́ jù. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹ sì rántí irú ariwo tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìyá kan nínú ìjọ wa kọ “ẹ̀bùn” sí gbogbo owó tó fi ránṣẹ́, títí kan owó ata, torí wọ́n ní ìjọba máa ka ohun tí a kọ sára owó, wọ́n á sì yọ owó orí lára rẹ̀. Dókítà pe àwa oníbàárà rẹ̀ jọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, báńṣì ò gbà wá, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní èrè ni wọ́n ń bu owó orí lé, fífi owó ránṣẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di èrè. Ohun tó yí padà níbẹ̀ ni ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè: tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbà á ló ń san án, ní báyìí, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni.

Ó wá ṣe ìṣirò kan lórí bọ́ọ̀dù tí mi ò ní gbàgbé. Ó ní ká sọ pé ẹnì kan jèrè ₦2,000,000 lọ́dún. Nínú òfin àtijọ́, tí a bá yọ ohun tí òfin ní ká yọ, ₦186,000 ló máa san. Nínú èyí tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ₦1,200,000 tó kù, 15% ni, ìyẹn ₦180,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré! Ọkùnrin kan tó ń ta páànù dìde, ó ní ṣé gbogbo ariwo yẹn ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ? Dókítà ní ó dá lórí ibi tí ẹ dúró sí. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ọmọbìnrin tó ń bá yín dúró ní ìsọ̀, èló lẹ ń san fún un?” Mo ní ₦60,000 lóṣù. Ó ní ₦720,000 lọ́dún nìyẹn, kò dé ₦800,000, kò ní san kọ́bọ̀. Ó tún ṣàlàyé pé ẹni tó bá háyà ilé tó ń gbé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ₦500,000. Inú mi dùn, mo ní tèmi nìyẹn, ìsọ̀ mi háyà ni. Ó ní, “Màámá, ṣé inú ìsọ̀ lẹ ń sùn?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Owó ìsọ̀, ara ìnáwó òwò ló wà, a ti yọ ọ́ kí a tó pe nǹkan kan ní èrè.

Ọjọ́ yẹn kan náà ló fi ọ̀nà Ọbájànà sí Kábà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa là ń gba ọ̀nà yẹn, kìlómítà 43 tí wọ́n fi kankéré ṣe. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ṣe é. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n ń yọ owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ kúrò nínú owó orí tó yẹ kí wọ́n san fún ìjọba. Ẹnì kan ní kí òun náà tún gọ́tà iwájú ilé òun ṣe, kí wọ́n yọ ọ́ nínú tòun. Dókítà ní kó kọ́kọ́ jẹ gbèsè owó orí tó tó ti ọlọ́nà kankéré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti dùn mí.

Tí ẹ bá pè é ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ń fi káàdì yín ṣòfò. Kò ní gbé e. Tó bá jẹ́ àsìkò ìdánwò, ẹ tún fi ọjọ́ mẹ́ta sí i. Oṣù kẹta ọdún yìí ló burú jù. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni àwa tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù gbọ́dọ̀ ti kọ èrè wa sílẹ̀ fún ìjọba, ìyà tó sì wà nínú òfin tuntun fún ẹni tó bá pẹ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 27, kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ 28, ọmọ tó wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òkìtì ìwé ìdánwò ni Dókítà ń máàkì. Àárín ìgbà kajú sì ni o! Ọkọ̀ mi wà lóko, wọ́n ń pè mí láti abà, èmi wà lórí àtẹ̀gùn Kábà. Mo fi ìbínú gbé ìwé ewé ogójì mi, mo jókòó sórí báńṣì rẹ̀, mo sì kún fọ́ọ̀mù náà fúnra mi, ọmọ yẹn ń wò mí. Mo fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 30. Nígbà tí Dókítà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ibì kan ṣoṣo ni mo ti ṣì í, kò sì pa owó lára. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi bàbá ọmọ. Mo ní kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, mo ti san owó fún ọ. Ó dá ₦15,000 padà fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo gbà á.

Èkejì nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ àbúrò mi pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n fi yín ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì lónìí.” Dókítà kò dárúkọ mi. Ó kàn ní obìnrin kan wà tó ń ra kajú, tó gbé Ghana-must-go wá, tó rò pé ₦7,000,000 jẹ́ tòun. Obìnrin mélòó ló ń ra kajú láti Ìyàrá tó ń gbé Ghana-must-go? Ara mi gbóná. Ọjọ́rú, kí ó tó ṣílẹ̀kùn, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọ̀rọ̀ àkáǹtì mi kì í ṣe àlọ́. Kò jiyàn rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Ó ní àwọn ọmọ yẹn kì í lóye ìyàtọ̀ owó tó wọlé àti èrè láti inú ìwé, àyàfi tí òun bá fi èèyàn ṣe é. Mo ní kó fi ara rẹ̀ ṣe é. Láti ìgbà náà, epo ni obìnrin náà ń tà, ìlú Ẹ̀gbẹ́ ló sì ń gbé. Ọmọ àbúrò mi ló ń jíyìn fún mi.

Owó iṣẹ́ rẹ̀: ₦5,000 fún ìjókòó àkọ́kọ́, kò sì yí padà bí ẹ bá jókòó fún ogún ìṣẹ́jú tàbí wákàtí méjì. Èmi ń san ₦60,000 lọ́dún fún gbogbo rẹ̀, a pín in sọ́nà méjì. Ó ń fúnni ní rìsíìtì. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà ní Kábà tó ń gba ₦30,000. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpò fún ẹlòmíràn kó máa lọ, kí onítọ̀hún bá a gbé gbogbo rẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ ìyẹn. Dókítà máa fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á sì jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òwò rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n lè pè é lọ sí Àbújá ní ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oníṣòwò bíi tèmi ni ọ́, tí o mọ owó kà ṣùgbọ́n tí o ò mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀, lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́rú kó tó di aago mẹ́sàn-án. Mú biro dání, òun kì í yáni.

Tí mo bá ní kí n fún un ní máàkì bí òun náà ṣe ń fún àwọn ọmọ, ọgọ́rin ni ti bọ́ọ̀dù yẹn nìkan. Mo yọ mẹ́jọ fún oṣù kẹta, mo yọ mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ó ku 68, ó sì kù díẹ̀ kó gba A. Ọmọ àbúrò mi ní ohun tó fún òun náà nìyẹn nínú kọ́ọ̀sì rẹ̀, kò fi méjì kún un nítorí mi.

Ìwé ewé ogójì mi ti ọdún 2024 sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọrọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe ń kọ ìṣirò tó mọ́, òun á bo orúkọ mi. Mo gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyí. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, màá gun àtẹ̀gùn yẹn lọ gbà á.